Ẹ Má Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Kou

Guangzhou, ọjọ́ kejì oṣù kẹta, 1994

Ìyá àgbà,

Ẹ kú òtútù òkè o. Ẹ kú orúnkún tó ń ro yín, ẹ sì kú àìrí mi. Ṣé ewúrẹ́ wa ti bí? Èmi Shuanniu ni o, ọmọ-ọmọ yín tí gbogbo Guangzhou ń béèrè. Ẹ má wo bí ìkọ̀wé mi ṣe rí gbágungbàgun. Ẹni tó sá nílé ìwé ní kíláàsì kẹjọ, tó tún lè kọ lẹ́tà olójú ewé méjì, ṣé ẹ ò rí i pé ọpọlọ ló pọ̀, ìwé ló kéré?

Iṣẹ́ ti dé. Ilé egbòogi Ọ̀gá Mak ni mo wà, níbi tí dúrọ́ọ̀ kéékèèké tó tó ọ̀ọ́dúnrún wà lára ògiri, gbòǹgbò, èèpo àti kòkòrò gbígbẹ ló kún inú wọn. Ẹ̀yìn káńtà ni mo ń dúró sí. Èmi ni mò ń fi òṣùwọ̀n kékeré wọn egbòogi fáwọn èèyàn, Dókítà Kou ni wọ́n ń pè mí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá rí orúkọ mi nínú ìwé ìdánimọ̀, ó ní, "Kou? Kou tó túmọ̀ sí ọlọ́ṣà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, bákan náà ni wọ́n ń kọ ọ́, àmọ́ tiwa, orúkọ ìdílé ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yọ kọ́kọ́rọ́ àpótí owó, ó fi sápò.

Ọ̀gá yìí sanra. Tó bá jókòó, àga á ké. Bàbá ẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù. Òun alára, kẹ̀kẹ́ ló ń tà kó tó jogún ẹ̀, kò mọ gbòǹgbò yàtọ̀ sí igi ìdáná. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni Bàbá Lau, arúgbó tó ti ń wọn egbòogi láti àádọ́ta ọdún. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n sì ti ń wá ẹni tó máa gbapò ẹ̀. Ta ló tún yẹ bí kò ṣe èmi?

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ yín rèé. Màámá Mak, ìyá ọ̀gá wa, ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Afẹ́fẹ́ ò lè fẹ́ kó má sín. Èèyàn wúkọ́ lójú títì, òun ló máa ṣàìsàn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo dúró níwájú gbogbo wọn, mo ní ìyá mi àgbà ní Longxi ló ń wú gbòǹgbò huangqi tó dáa jù lórí ilẹ̀ ayé, pé tí Màámá bá jẹ ẹ́, òtútù á máa fojú jìnnà wò ó ni. Ọ̀gá ní tí Màámá bá lo oṣù kan gbáko láìsín, òun á fi mí sí káńtà (níbi tí mo ti wà tẹ́lẹ̀ ṣá o). Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí tó ti lo ọdún márùn-ún nílẹ̀ ránṣẹ́, àpò méjì. Ẹ má fi tín-ín-rín dójú tì mí.

Èmi ni tiyín tí kò tíì rẹ̀,
Shuanniu

*

Abúlé Liushuwan, Longxi, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹta, 1994

Shuanniu ọkọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, mo pòṣé lẹ́ẹ̀mejì. Ewúrẹ́ ti bí méjì. Ọ̀kan ń ké látàárọ̀ dalẹ́ láìṣe nǹkan kan, orúkọ rẹ ni mo sọ ọ́.

O ní ẹ̀yìn káńtà lo ń dúró sí. O tún ní tí ìyá náà ò bá sín, wọ́n á fi ọ́ sí káńtà. Ọmọ mi, ṣé káńtà méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn ni? Tí o bá máa purọ́ fún mi, jẹ́ kí apá òkè lẹ́tà máa rántí ohun tí apá ìsàlẹ̀ ń sọ. Ya fọ́tò níbi tí o dúró sí, kí o fi ránṣẹ́. Odidi ọdún kan kọjá, n ò rójú rẹ. Eyín mẹ́rin ló kù sí mi lẹ́nu, o ò sì fi ohun rírọ̀ kankan ránṣẹ́.

Mo ti di huangqi náà sínú àpò méjì. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúbọ òkè ni mo wú, tí bàbá rẹ àgbà gbìn kó tó kú. Fetí sílẹ̀ dáadáa, ibi tí mò ń lọ báyìí ló ṣe pàtàkì jù, ìdí nìyẹn tí mo ṣe fi bírò pupa kọ ọ́.

Ara èèyàn dà bí àgbàlá. Huangqi ló ń mọ odi, òun ló ń bọ́ àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ẹnubodè ara. Nígbà tí àgbàlá bá mọ́, tí ara ìyá náà dá, tí ò sín, tí ò gbóná, sè é pẹ̀lú adìyẹ fún un, díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti sín báyìí, tí òtútù ti wọlé, dáwọ́ dúró! Òtútù náà ni ọlọ́ṣà. Tí o bá ń mọ odi nígbà tí ọlọ́ṣà ti wà nínú ilé, o ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nìyẹn. Kò ní rí ọ̀nà jáde, á jókòó, á máa jẹ oúnjẹ onílé. Jẹ́ kó kọ́kọ́ bá òógùn jáde ná. Àwọn àgbà wí i, ilé egbòogi gbogbo ló mọ̀ ọ́n: má ti ilẹ̀kùn mọ́ ọlọ́ṣà.

Má fi nǹkan mìíràn kún un láti orí ara rẹ. Orí rẹ dáa fún fìlà.

Nígbà ìkórè, wálé wá bá mi wú egbòogi. Ẹ̀yìn mi ò gbà mọ́.

Ìyá rẹ àgbà tó ń wo ọ̀nà

*

Guangzhou, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin, 1994

Ìyá àgbà tèmi nìkan,

Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí, kí ayọ̀ má baà gbé yín ṣubú.

Ọjọ́ kẹtàlá rèé, Màámá Mak ò sín! Èmi ni mò ń se adìyẹ náà fúnra mi, mò ń fi gbòǹgbò yín sí i, Màámá á sì lá abọ́ bí ológbò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ti pọ́n. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láìdi nǹkan kan mú, ó ní, "Ọmọ Longxi, o kì í ṣe èèyàn lásán." Mo ní, "Màámá, ẹ ò tíì rí nǹkan kan."

Bàbá Lau ti lọ sílé wọn lọ tún ibojì àwọn bàbá wọn ṣe, kò ní dé kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ta ló ń mójú tó ṣọ́ọ̀bù? Ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí Ọ̀gá rí bí ìyá ẹ̀ ṣe ń tàn, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Shuanniu, ìwọ wo ikùn mi yìí. Ṣé gbòǹgbò kan ò sí tó lè bá mi jó ọ̀rá?" Mo wò ó láti òkè délẹ̀, mo gbọn orí bí onímọ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, iná inú yín ló ti kú. Oúnjẹ ń wọlé, kò sóhun tó ń jó o." Mo po tíì kan fún un: èso pupa kíkan, ewé òṣíbàtà, mo wá fi gbòǹgbò dahuang sí i, ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta, láti orí ara mi. Ìyá àgbà, láàárín ọjọ́ mẹ́fà, kílò mẹ́rin ti lọ! Ṣòkòtò ẹ̀ ń já bọ́. Ó kàn jẹ́ pé ó ń sáré lọ sí ṣáláńgá àdúgbò tó wà níparí òpópónà wa ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú. Mo ní ọ̀rá ló ń jáde yẹn. Inú ẹ̀ ń dùn. Àwọn obìnrin òpópónà ti ń béèrè pé ìgbà wo ni tíì Dókítà Kou máa kárí àwọn náà.

Fọ́tò mi wà nínú àpò ìwé yìí. Ẹ wo bí mo ṣe dúró.

Nǹkan kékeré kan ló ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí: Màámá sín, ẹ̀ẹ̀mẹta péré. Ara ẹ̀ gbóná díẹ̀. Ẹ má dààmú. Mo mọ ohun tó fà á: huangqi ò tó ni. Láti òní lọ, mo ti sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Lẹ́tà yín gùn púpọ̀. Mo ka gbogbo ibi tí ẹ ti bú mi, mo fo ibi tí ẹ fi bírò pupa kọ. Ẹ ti ń kọ́ mi nírú ìyẹn látìgbà tí mo ti ń rá, ó ti wà lórí mi.

Èmi ni ògo ìdílé Kou,
Shuanniu

*

Wáyà láti Longxi, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹrin, 1994

SÍ Ọ̀GÁ MAK, ILÉ EGBÒOGI. Ẹ MÁ TI ILẸ̀KÙN MỌ́ KOU. ÌYÁ ÀGBÀ LONGXI.

*

Liushuwan, ọjọ́ kan náà

Shuanniu,

N ò kí ọ. Lẹ́tà rẹ dé lánàá.

Ibi tí o fò gan-an ni ọ̀rọ̀ wà! Mo ti rin ìrìn wákàtí mẹ́ta lọ sílé ìfìwéránṣẹ́ láàárọ̀ yìí lọ fi wáyà ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ. Akọ̀wé ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní iye tiẹ̀, mo bá ní kó kọ òwe àwọn àgbà yẹn nìkan. Ilé egbòogi ni wọ́n, kò sí bí wọn ò ṣe ní mọ ohun tí mò ń wí. Tí wáyà ò bá dé, tí lẹ́tà yìí ló kọ́kọ́ dé, jù ú sílẹ̀ kí o sáré lọ gba abọ́ lọ́wọ́ ìyá ọlọ́yàyà yẹn! Má fún un ní huangqi mọ́, kódà kó má tó èékánná ọwọ́. Tí ara ẹ̀ bá ṣì ń gbóná, gbé e lọ sílé ìwòsàn. Má ṣe jẹ́ kí ìgbéraga rẹ bá a dé ibojì.

Dahuang ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta! Ta ló bí ọ? Kí ara máa jó oúnjẹ yàtọ̀ sí kí oúnjẹ máa sá jáde lára. Ohun tí o fún ọkùnrin yẹn kò jó ọ̀rá kankan, ìgbẹ́ gbuuru ni. Omi ara ẹ̀ lo ń fà dànù. Èyí tí mò ń fún màlúù tí ikùn ẹ̀ bá dí ò tó bẹ́ẹ̀.

Mo rí fọ́tò. O dúró dáadáa. Ìgbálẹ̀ tí o gbé pamọ́ sẹ́yìn rẹ, orí ẹ̀ yọ lápá òsì.

Ìyá rẹ àgbà

*

Liushuwan, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin, 1994

Shuanniu,

Ọjọ́ mẹ́tàlá ti kọjá, ìwọ ò fèsì, ọ̀gá rẹ ò fèsì. Gbogbo ìgbà tí kẹ̀kẹ́ ẹni tó ń pín lẹ́tà bá dún lórí òkè, mo ti máa wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ báyìí kó má baà rójú mi.

Ṣé ìyá náà kú ni? Tó bá kú, má fi pamọ́ fún mi. Àpò egbòogi yẹn, ọwọ́ mi ló dì í. Kọ̀wé. Kọ irọ́ pàápàá, kí n ṣáà rí ìkọ̀wé rẹ.

Ìyá àgbà

*

Guangzhou, ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún, 1994

Ìyá àgbà mi,

Kò kú. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná kí ẹ lè mí. Màámá Mak wà láàyè, ó jẹ odidi abọ́ ìrẹsì olómi láàárọ̀ yìí, ó sì bú nọ́ọ̀sì méjì. Ẹ dárí jì mí pé mo pẹ́. Ilé ìwòsàn ni mò ń sùn látìgbà náà, lórí bẹ́ǹṣì, mi ò sì rí ìwé tí mo máa fi kọ̀wé àyàfi lónìí.

Mo máa sọ bó ṣe rí, ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ òótọ́.

Ọjọ́ tí wáyà yín dé, mo ti lọ gbé ẹrù fún oníbàárà kan lódìkejì odò. Nígbà tí mo padà, ẹrù mi wà lójú títì: kúbùsù, abọ́ ìfọṣọ, bàtà ẹsẹ̀ kan. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù gbọin. Ọ̀gá Mak yọrí lójú fèrèsé òkè, ìwé wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ọ̀gá, kí ló dé?"

"Ìwọ ọlọ́ṣà yìí! Ìyá rẹ àgbà fúnra ẹ̀ ló kọ̀wé sí mi! 'Ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ ọlọ́ṣà!' Ó ní kí n má ti ọlọ́ṣà mọ́ inú ilé mi. Ìyá dáadáa ni. Ọ̀run ló mọ iye ilé tí o ti kó kí ojú tó ti arúgbó bẹ́ẹ̀."

"Ọ̀gá, orúkọ wa nìyẹn o!"

"Mo mọ̀! Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀! Mo kàn ṣàánú rẹ ni."

"Bàtà mi kejì ńkọ́?"

"Mò ń tọ́jú ẹ̀ fún ọlọ́pàá."

Ìyá àgbà, ibẹ̀ ni ibi tí mo fò nínú lẹ́tà yín, èyí tí ẹ ti kọ́ mi láti kékeré, ti já lù mí bí ìgbà tí wọ́n da omi tútù síni lórí. Ọjọ́ náà ló pé ọjọ́ kẹsàn-án tí Màámá ti ń wúkọ́. Mo gbọ́ ọ látojú títì, ó ń wú u wúlúwúlú bí ìgbà tí wọ́n ń fa àpótí lórí òkúta. Mo pariwo: "Ọ̀gá, ẹ da ọbẹ̀ adìyẹ yẹn nù! Ẹ má jẹ́ kí Màámá tún jẹ ẹ́!"

"Ẹ gbọ́ o! Ó tún fẹ́ febi pa ìyá mi!" Ó pa fèrèsé dé.

Ẹ wò ó bí nǹkan ṣe rí: èmi tí mi ò jalè wà níta, ọlọ́ṣà gidi wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ń jẹ adìyẹ. Mo kan ilẹ̀kùn títí ọwọ́ mi fi wú. Àwọn ará òpópónà ń wò mí bí ẹni ń wo ajá tó já okùn.

Ni mo bá rántí tíì mi.

Mo lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá àdúgbò. Kò pẹ́ rárá. Ọ̀gá Mak já síta, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ṣòkòtò mú, ó sáré kọjá mi láìrí mi, ó kó sínú yàrá kan. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo di ilẹ̀kùn náà mú látìta.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, ọ̀gá."

"Yéè! Ọlọ́ṣà! Ẹ gbà mí o! Ó bá mi dé ìhín!"

"Ọ̀gá, ẹ fara balẹ̀, ẹ ò ṣáà lè dìde. Kou tó wà nínú wáyà yẹn kì í ṣe èmi. Òtútù ni."

"Òtútù wo ló ń jẹ́ Kou? Òtútù ní ìdílé ni?"

"Òtútù tó wà lára Màámá ni ọlọ́ṣà tí wọ́n ń sọ! Huangqi tí mò ń fún un ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Òwe egbòogi ni. Tí Bàbá Lau bá wà níbí ni, á ti mọ̀ ọ́n."

Mo gbọ́ àwọn ìró mìíràn nínú yàrá náà, n ò ní kọ ìyẹn sínú lẹ́tà.

Bàbá kan tó mú ìwé ìròyìn lọ́wọ́, tó ń dúró kó kàn án, bá gbá mi léjìká. "Ọmọkùnrin, òótọ́ ni òwe yẹn, ìyá mi máa ń pa á. Ìwọ tó wà nínú ilé, gbà fún un kíá kí o jáde, ìgbẹ́ ti ń gbọ̀n mí."

"Shuanniu," ohùn Ọ̀gá ti yí padà, "ìwọ lo sọ pé huangqi á wò ó."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ lo sọ pé ọ̀rá ló ń jáde lára mi."

"Ọ̀gá, ìgbẹ́ gbuuru ni. Ẹ má mu tíì yẹn mọ́."

Ìyá àgbà, àwọn èébú tó jáde látinú yàrá yẹn, bàbá oníwèé ìròyìn ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí látìgbà tóun ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Àmọ́ nígbà tó jáde, ó fà mí lápá, a jọ sáré ni.

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tá a fi ń kó ẹrù la gbé Màámá sí. Ọ̀gá ló ń wà á, èmi ń di Màámá mú lẹ́yìn. Ó dúró lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà. Ẹ má bi mí ohun tó dá a dúró.

Òtútù àyà ni dókítà obìnrin ilé ìwòsàn pè é. Ó ní tó bá tún fi ọjọ́ mẹ́ta pẹ́ sí i, kò bá tí yè é. Ó bi wá léèrè ohun tó ń jẹ, mo sọ gbogbo ẹ̀. Mo rò pé ó máa bú egbòogi. Kò bú u. Ó ní, "Mi ò bá gbòǹgbò jà. Ẹni tó ń pín in láìbéèrè, tí kì í sọ fáwọn dókítà, òun ni mò ń bá jà." Ó wá wò mí. "Níbo lo ti kọ́ṣẹ́?" Mo gbé bàtà Màámá nílẹ̀, Ìyá àgbà, mo lọ ń wá ibi tí mo máa tọ́jú ẹ̀ sí.

Abẹ́rẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Màámá gbà. Ọ̀gá ò lé mi, kò sì gbà mí. Ó ní kí Bàbá Lau dé ná, òun ló máa dá ẹjọ́ mi.

Shuanniu

*

Liushuwan, ọjọ́ kẹtàlá oṣù karùn-ún, 1994

Shuanniu ọkọ mi,

Mo sunkún nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú lẹ́tà rẹ. Nígbà tí mo dé ibi ṣáláńgá, mo rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan nínú eyín mẹ́rin fi mì. Aládùúgbò mi tó ń bá mi bọ́ ewúrẹ́ rò pé orí mi ti dàrú.

Èmi náà jẹ̀bi. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ ṣọ́ owó, mo bá fi orúkọ ìdílé wa dá ọ lẹ́jọ́. Bá mi bẹ ọ̀gá rẹ. Sọ fún Màámá Mak pé mo kúnlẹ̀.

Wàyí o, mo fẹ́ bi ọ́ ní ìbéèrè mẹ́ta, má kọ ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣé o ti dúró lẹ́yìn káńtà yẹn rí? Ṣé ẹnì kan ti pè ọ́ ní dókítà rí, yàtọ̀ sí ìwọ fúnra rẹ? Ṣé o fẹ́ mọ iṣẹ́ yìí lóòótọ́, àbí orúkọ ẹ̀ ló wù ọ́?

Tó bá jẹ́ orúkọ ni, wálé. Ẹni tó ń purọ́ nípa ọ̀dùnkún, ojú á tì í lọ́jà, ó parí. Ẹni tó ń purọ́ nípa egbòogi, ilé elòmíràn lẹkún ti máa sọ. Bàbá rẹ àgbà fi ogójì ọdún wo àwọn èèyàn òkè yìí, ohun tó sì máa ń tẹnu ẹ̀ jáde jù, n ò ní sọ ọ́ fún ọ. Wá a kàn fúnra rẹ.

Ìyá rẹ àgbà

*

Guangzhou, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà, 1994

Ìyá àgbà,

Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni.

Ó dùn mí bí mo ṣe kọ ọ́. Ilẹ̀ ni mò ń gbá. Mò ń gé gbòǹgbò, mò ń gbé ẹrù. Tí oníbàárà bá ti kọjá lọ, mo máa ń lọ dúró lẹ́yìn káńtà ṣe fàájì díẹ̀.

Bàbá Lau ti dé. Ọ̀gá ro gbogbo ẹjọ́ fún un, láti orí adìyẹ dórí ṣáláńgá. Bàbá fi orí lé káńtà, èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n. A rò pé ó ń sunkún, ẹ̀rín ni. Ó nu ojú tán, ó dájọ́. Kò gbọdọ̀ sí egbòogi kan tó máa tọwọ́ mi dé ọwọ́ oníbàárà fún ogójì ọjọ́. Láràárọ̀, mo máa ṣí dúrọ́ọ̀ mẹ́ta, màá gbóòórùn ohun tó wà níbẹ̀, màá tọ́ ọ wò, màá sọ ohun tó ń ṣe lára àti ẹni tí kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Tí mo bá ṣì í, màá tún un tọ́ wò. Ẹnu mi korò débi pé àwọn eṣinṣin ò bà mí mọ́. Lọ́jọ́ dahuang, ó ní kí n mu ẹ̀kúnwọ́ kan péré nínú mẹ́ta tí mo fún Ọ̀gá. Èmi àti ṣáláńgá yẹn ti di ọ̀rẹ́.

Màámá náà ti padà sílé. Ó ní tí ara òun bá le tán pátápátá, òun á tún jẹ ọbẹ̀ adìyẹ yín, àmọ́ Bàbá Lau ló máa fọwọ́ sí i, dókítà obìnrin yẹn á sì gbọ́ sí i. Ó ní kí n sọ fún yín pé kí ẹ dìde lórí ìkúnlẹ̀, orúnkún yín ò lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá ni mo fẹ́ sọ. Àwọn èèyàn kún ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin kan wọlé, ìyàwó ẹni tó ń ta pẹ́pẹ́yẹ yíyan níwájú wa, ó kọjá lọ́dọ̀ Bàbá Lau, ó wá bá èmi tí mò ń gbálẹ̀. "Dókítà Kou! Gbogbo àdúgbò ló rí bí ikùn Mak ṣe fọn. Fún mi ní tíì yẹn. Iye tó o bá fẹ́ ni màá san."

Ìyá àgbà, ó pè mí ní dókítà. Níwájú gbogbo wọn! Kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí láyé. Mo wo ojú ẹ̀, ó pupa, ó sì ń mí gúlegúle. Mo rò ó wò. Ó lè jẹ́ pé àyà ló ń ṣe é. Ó lè jẹ́ pé ó lóyún. Gbogbo dúrọ́ọ̀ tí mo ti ṣí, kò sí èyí tó sọ fún mi.

Mo ní, "Màámá, mi ò mọ̀."

Òṣùwọ̀n dúró lọ́wọ́ Bàbá Lau.

"Kí lo wí?" Bàbá gbé etí wá. "Ojú mi ni mo mọ̀ pé ó ń ṣú, àbí etí náà ti ń di?"

"Mo ní mi ò mọ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó."

"Tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí Mak lè gbọ́."

"Mi ò mọ̀!"

Ọ̀gá Mak tó ń jẹun lọ́wọ́ gbé igi ìjẹun sílẹ̀. Ó wo Bàbá Lau, Bàbá Lau wò ó. Bàbá yẹ obìnrin náà wò, ó fi ìka tẹ iṣan ọrùn ọwọ́ ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ní kó lọ rí dókítà obìnrin yẹn kó tó mu ohunkóhun.

Láàárọ̀ yìí, mo gbé ìgbálẹ̀, Bàbá Lau gbà á lọ́wọ́ mi. Ó gbé àga kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀ lẹ́yìn káńtà. Ó ní ogójì ọjọ́ kò tíì pé, n ò gbọdọ̀ wọn nǹkan kan, àmọ́ kí n jókòó síbẹ̀ kí n máa jẹ́ ojú fún òun, kí n sì máa sọ gbólóhùn yẹn nígbàkúùgbà tó bá tọ́. Ó ní ọdún méje ló gba òun kó tó yọ lẹ́nu òun.

Ìyá àgbà, ọdún méje! Èmi, oṣù mẹ́ta péré! Ẹ jáde síta ní Liushuwan, ẹ pe gbogbo abúlé jọ, títí kan ẹni tó ń pín lẹ́tà. Ẹ sọ fún wọn pé láti Longxi dé etíkun, kò sẹ́ni tó mọ "mi ò mọ̀" í sọ tó ọmọ-ọmọ yín.

Ẹni tó jókòó lórí àga,
Kou Shuanniu